Georg Ohm: Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tó Kọ́ Wa Ní Ìṣirò Iná

Ẹni tó bá ti dúró níwájú pátákó yìí, kó fara balẹ̀ díẹ̀, kó má tíì sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Gbogbo àwa tí a wà ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì la mọ orúkọ rẹ̀, torí pé a kì í wọ kíláàsì físíìsì ká má pè é. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan la mọ̀, a ò mọ ọkùnrin náà. Georg Simon Ohm ni.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nínú ìdánwò físíìsì tí a ṣe ní sáà tó kọjá, 4 nínú 20 ni mo gbà. Kì í ṣe pé n kò kàwé o. Mo há V = IR sórí bí ẹni há oríkì ìdílé, kò sí ìgbà tí ẹ jí mi tí n kò ní kà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe, ń ṣe ni mo máa ń wò sùn-ùn. Ohun tó là mí lójú kò ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì. Ṣọ́ọ̀bù màámi ló ti ṣẹlẹ̀.

Aládìrẹ ni màámi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, Iléṣà ni wọ́n ti bí wọn, ṣùgbọ́n Òṣogbo níbí ni wọ́n ti ń re aró, ẹ sáà mọ̀ pé ìlú aró ni ìlú wa. Àwọn ẹbí kan ní Iléṣà ní kí wọ́n bá àwọn ṣe aṣọ ìsìnkú, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n sì fẹ́ wá kó o. Láti àárọ̀ la ti ń retí iná. Nígbà tó di nǹkan bí aago méje alẹ́, iná dé, gbogbo wa sì dìde fùú. Áyọ́ọ̀nù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: èmi mú ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ màámi mú ọ̀kan. Màámi náà tún ki kẹ́tù bọ iná kí wọ́n lè fi omi gbígbóná po sítáàṣì. Ojú extension kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Wáyà rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì gùn, a ká a jọ sábẹ́ tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò aṣọ. Fíúsì inú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti jó tipẹ́. Ẹni tó bá wa tún un ṣe kàn fi ẹyọ wáyà kan wé e ni, ó ní kò sí wàhálà mọ́.

Kò pẹ́ tí a fi ń gbóòórùn ike. Kí a tó wòye, iná ti ń jó lábẹ́ tábìlì, ó sì ti mú àpò aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi sáré pa súwíìsì ńlá tó wà lára ògiri, a wá da iyanrìn lé e. Ọlọ́run yọ wá, ẹnì kankan kò fara pa. Ṣùgbọ́n aṣọ mẹ́fà ló jóná nínú ti oníṣẹ́. Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n ní ṣebí ìwọ lò ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ló fà á? N kò mọ̀ ọ́n. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ju ti 4 nínú 20 lọ.

Nígbà tí mo délé ìwé, mo lọ bá olùkọ́ físíìsì wa. Wọn ò nà mí, wọn ò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí n mú ìyókù wáyà náà wá ká fi mítà wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ní kí n lọ kà nípa ẹni tó kọ́kọ́ jókòó ti wáyà títí tó fi gbọ́ èdè rẹ̀. Ohun tí mo rí kà nìyí.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ní Erlangen

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1789 ni wọ́n bí Georg Ohm ní ìlú Erlangen, ní ilẹ̀ Jámánì. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ló ń ṣe. Ọmọ méje ni ìyá rẹ̀ bí, mẹ́ta péré ló yè: Georg fúnra rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń jẹ́ Martin, àti àbúrò wọn obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Georg nígbà tí ìyá wọn kú.

Bàbá yìí kò lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan, àmọ́ ó fúnra rẹ̀ kàwé títí ó fi mọ ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì. Lẹ́yìn iṣẹ́ ló máa ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tí ilé ìwé ìgbà náà kò kọ́ wọn, ilé bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti yunifásítì ìlú náà wá dán àwọn ọmọ náà wò, ẹnu yà á. Martin náà sì di onímọ̀ ìṣirò pàtàkì nígbẹ̀yìn. Ohun kejì tí Georg kọ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ irin, ẹ má gbàgbé eléyìí, ó máa wúlò níwájú.

Ẹ má rò pé ọmọ dáadáa tí kì í ṣìṣe ni o. Ọdún 1805 ló wọ Yunifásítì Erlangen. Kàkà kó jókòó ti ìwé, ijó ló ń bá kiri, àti eré orí yìnyín, àti bílíádì. Inú bí bàbá rẹ̀ gan-an. Òógùn ojú ló fi ń ran ọmọ níwèé, ọmọ wá ń fi í jó. Ọdún kan àbọ̀ péré ló lò tí wọ́n fi mú un kúrò níbẹ̀, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Switzerland ní 1806 kó lọ máa ṣe olùkọ́ ìṣirò. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà, ọjọ́ orí àwọn tó wà ní SS 3. Ibẹ̀ ni orí rẹ̀ ti pé. Ó ń kọ́ ọmọ lọ́sàn-án, ó sì ń dá ka ìwé àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò. Nígbà tó padà sí Erlangen ní 1811, ọdún náà gan-an ló gba oyè dókítà.

Olùkọ́ tí kò lówó lọ́wọ́

Oyè kò di owó. Ó kọ́ni díẹ̀ ní yunifásítì, ohun tí wọ́n ń san fún un kò tó jẹun. Ní 1813, ó gba iṣẹ́ ní ilé ìwé kan ní Bamberg. Kò gbádùn ibẹ̀, nígbà tó sì di 1816 ilé ìwé náà kógbá sílé. Ní gbogbo àsìkò yìí ló ń kọ ìwé kan lórí jọ́mẹ́tírì. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ọba Prussia, bóyá ó lè bá ojú rere pàdé. Ọ̀rọ̀ náà sì so èso: ní 1817, ó rí iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì ní ilé ìwé gíramà kan ní ìlú Cologne.

Ilé ìwé gíramà ni o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kì í ṣe yunifásítì. Lábù ilé ìwé tí àwọn ọmọ bíi tiwa ń lò ló ti ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń lò lónìí.

Ní 1820, ìròyìn kan tàn kálẹ̀ pé ọmọ ilẹ̀ Denmark kan tó ń jẹ́ Oersted ti rí i pé bí iná bá ń gba inú wáyà kọjá, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí á yí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń ṣe háà ni. Ṣùgbọ́n Ohm wò ó pé tí iná bá lè yí abẹ́rẹ́, a lè fi yíyí abẹ́rẹ́ náà mọ bí iná ṣe pọ̀ tó. Ohun tí ojú kò rí ti fẹ́ ní òṣùwọ̀n nìyẹn.

Wáyà mẹ́jọ

Ẹ fọkàn bá mi lọ síbí. Ìbéèrè Ohm rọrùn létí: tí mo bá mú kí wáyà gùn sí i, báwo ni iná inú rẹ̀ ṣe máa dín kù sí?

Bátìrì ìgbà náà ló kọ́kọ́ lò. Wàhálà ni. Bó ṣe ń wọn ọ̀kan lọ́wọ́ ni agbára bátìrì ń rẹ̀, kó tó dé orí wáyà kejì, bátìrì ti yàtọ̀. Àbájáde tó gbé jáde ní 1825 kò gún. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Poggendorff, tí ó ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn físíìsì, gbà á nímọ̀ràn pé kó pa bátìrì tì, kó lo irin oríṣi méjì tí wọ́n so pọ̀, tí ojú ìsopọ̀ kan gbóná tí èkejì tutù. Ohm lo bàbà àti irin kan tí wọ́n ń pè ní bismuth. Ó ki ojú ìsopọ̀ kan bọ omi tó ń hó, ó ki èkejì bọ yìnyín. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ń hó, tí yìnyín kò sì tíì yọ́ tán, agbára tó ń ti iná kò ní yí padà.

Ó wá gé wáyà bàbà mẹ́jọ tí wọ́n nípọn bákan náà. Èyí tó kúrú jù kò ju ínǹṣì 2 lọ, èyí tó gùn jù jẹ́ ínǹṣì 130. Ó fi abẹ́rẹ́ òòfà kọ́ sókè wáyà. Bí abẹ́rẹ́ bá yí, á fi ọwọ́ yí orí ohun tó fi kọ́ ọ títí abẹ́rẹ́ á fi padà sáyè rẹ̀, á wá kọ iye tó yí i sílẹ̀. Ó ṣe é, ó tún un ṣe. Ẹ̀rọ yìí, kò rà á lọ́jà o. Ọwọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ irin ló fi tò ó.

Nígbà tó di 1826, nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Gbogbo wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló tẹ̀ lé òfin kan ṣoṣo. Bí ohun tó ń ti iná bá lágbára sí i, iná á pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà. Bí ìdènà bá pọ̀ sí i, iná á dín kù ní ìwọ̀n kan náà. Ìyẹn ló di V = IR tí mo há sórí láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tó jáde ní Berlin ní 1827.

Òṣómàáló

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ Òṣómàáló dáadáa. Àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á padà wá gbowó, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí wọn ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gba owó wọn. Tí mo bá ka apá yìí nínú ìtàn Ohm, àwọn ni mo máa ń rántí.

Ìdí ni pé ọjà tó tà, kò sẹ́ni tó sanwó. Ohm ti rò pé ìwé yìí ló máa sọ òun di ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Ó ti gbàyè lọ́dọ̀ ilé ìwé, ó ń gba ààbọ̀ owó oṣù, ó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Berlin kó lè parí rẹ̀. Ìwé jáde, etí àwọn tó yẹ kó gbọ́ kò sí níbẹ̀. Àwọn kan sọ pé ìṣirò ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ físíìsì, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kà á. Ó dùn ún débi pé ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Cologne ní 1828. Fún bí ọdún márùn-ún, ó ń kọ́ni níbí díẹ̀, ó ń kọ́ni lọ́hùn-ún díẹ̀, kó lè rí nǹkan jẹ. Ọdún 1833 ló tó rí iṣẹ́ tó dúró ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ní Nuremberg.

Ṣùgbọ́n ó lóṣòó. Kò yí nọ́ńbà rẹ̀ padà kí wọ́n lè gba tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ará ìlú mìíràn tún ìdánwò náà ṣe, wọ́n rí i pé òótọ́ ni. Ní 1841, Royal Society ti London fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley, èyí tó ga jù lọ tí wọ́n ní. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1827 sí 1841, ọdún 14. Ilé òkèèrè ni wọ́n ti san gbèsè náà fún un. Ní 1852, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 63, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Yunifásítì Munich, àyè tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá. Ọdún méjì péré ló lò níbẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1854. Kò gbéyàwó, kò sì bímọ. Ní 1881, àwọn onímọ̀ iná láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ ní Párìsì, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n ìdènà. Báyìí ni ọkùnrin tí kò bímọ ṣe fi orúkọ sílẹ̀ tí àwa ọmọ Òṣogbo ń pè lójoojúmọ́.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa fi ṣàríkọ́gbọ́n. Ọkùnrin olówó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Cavendish, ti rí òfin yìí ní bí ogójì ọdún ṣáájú Ohm. Kò ní mítà, ara rẹ̀ ló ń lò: á jẹ́ kí iná gbọ̀n ọ́n, á sì fi bó ṣe dùn ún tó díwọ̀n rẹ̀. Ẹ má dán an wò o! Àmọ́ kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Inú ìwé tó kọ fún ara rẹ̀ ló wà títí di 1879 tí Maxwell tó kó o síta. Ìdí nìyẹn tí òfin náà kì í fi í jẹ́ òfin Cavendish. Ohun tí a bá mọ̀ tí a kò kọ síta, bí ẹni pé a ò mọ̀ ọ́n náà ni.

Ìṣirò tí mo padà ṣe fún màámi

Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù. Olùkọ́ wa ní kí n fi táǹkì omi ronú. Bí táǹkì ṣe ga tó ni fólítéèjì, ìyẹn V: òun ló ń ti omi. Iye omi tó ń ṣàn lẹ́ẹ̀kan ni kọ́rẹ́ǹtì, ìyẹn I, áńpíà ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Bí páìpù ṣe fún tó ni ìdènà, ìyẹn R, òun ni a ń fi ohm wọ̀n. Tí a bá mọ méjì, ẹ̀kẹta kò lè sá pamọ́:

V = I × R
R = V ÷ I
P = V × I

P ni agbára, wáátì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. James Watt, ọmọ Scotland tó tún ẹ̀rọ onítiimù ṣe, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe é.

Áyọ́ọ̀nù tiwa ń gba áńpíà 5 nígbà tí iná bá pé 240. Ìdènà rẹ̀ jẹ́ 240 ÷ 5, ìyẹn ohm 48. Agbára rẹ̀ jẹ́ 240 × 5, ìyẹn wáátì 1,200. Kẹ́tù ń gba áńpíà 10: ìdènà rẹ̀ ohm 24, agbára rẹ̀ wáátì 2,400.

Níbí ni mo ti rí ìdáhùn sí ohun kan tó máa ń ya gbogbo ilé wa lẹ́nu. Tí iná bá wá ṣùgbọ́n tó rẹlẹ̀, tí fólítéèjì jẹ́ 120, kí ló dé tí áyọ́ọ̀nù kò ní ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀, tí yóò kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán? Ẹ wò ó. Ìdènà áyọ́ọ̀nù kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ohm 48 náà ni. Kọ́rẹ́ǹtì á wá jẹ́ 120 ÷ 48, ìyẹn 2.5. Agbára jẹ́ 120 × 2.5, ìyẹn wáátì 300. Láti 1,200 bọ́ sí 300! Iná dín kù sí ìdajì, iṣẹ́ dín kù sí ìdámẹ́rin. Torí náà, ẹni tó bá ń lọṣọ ní iná tó rẹlẹ̀, àkókò rẹ̀ ló ń lọ̀ o.

Ó wá kan wáyà tó jó. Áyọ́ọ̀nù mẹ́ta jẹ́ áńpíà 15, kẹ́tù 10, àpapọ̀ 25. Púlọ́ọ̀gì tí a lò, áńpíà 13 ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí a fi mítà wọn wáyà náà, ìdènà rẹ̀ súnmọ́ 0.5 ohm. Mo ti ń rò pé ìdajì ohm kò lè ṣe nǹkan kan. Olùkọ́ wa ní kí n fi IR rọ́pò V nínú P = V × I. Ó di P = I × I × R. Joule, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìdílé rẹ̀ ń pọn ọtí, ló fi ooru wáyà fi eléyìí hàn ní 1841, ọdún kan náà tí Ohm gba àmì ẹ̀yẹ.

Tí áyọ́ọ̀nù kan bá ń ṣiṣẹ́: 5 × 5 × 0.5, wáátì 12.5 ló ń di ooru nínú wáyà. Èyí kò tó nǹkan. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń ṣiṣẹ́: 25 × 25 × 0.5, wáátì 312.5. Kọ́rẹ́ǹtì lé ní ìlọ́po márùn-ún, ooru lé ní ìlọ́po 25. Áyọ́ọ̀nù kékeré kan ni a tàn sínú wáyà tí a ká jọ sábẹ́ àpò aṣọ, a ò sì mọ̀. Ká ní fíúsì gidi wà níbẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kó ti yọ́ kí ike tó yọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó kú kí ilé má baà jó. Àwa la ti fi wáyà dí i lẹ́nu.

Ohun tó wà lẹ́bàá wa

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Jámánì nìkan ni èyí, kó wo òkè. Ibùdó tí wọ́n ti ń darí ọ̀nà iná gbogbo Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní National Control Centre, ìlú Òṣogbo wa níbí ló wà. Àwọn wáyà ńlá tó ń ti Jẹ́bà bọ̀, fólítì 330,000 ló wà lórí wọn. Kí ló dé tó ga tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ 240 la ń lò nílé?

Ẹ fi P = V × I dáhùn. Ká ní wáátì mílíọ̀nù 33 la fẹ́ gbé, ká sì má wo ti pé wáyà mẹ́ta ló jọ ń gbé e. Ní fólítì 330,000, áńpíà 100 ló máa gba inú wáyà. Ní fólítì 33,000, á di 1,000. Tí ìdènà wáyà bá jẹ́ ohm 1, ooru tí a ó fi ṣòfò lójú ọ̀nà jẹ́ wáátì 10,000 ní ti àkọ́kọ́, mílíọ̀nù kan ní ti èkejì. Ìlọ́po 100! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e ga kó tó rìn, tí wọ́n sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìpele ìpele kó tó wọlé wa. Òfin tó jó aṣọ màámi ni òfin tí wọ́n ń sá fún lórí òpó ńlá wọ̀nyẹn.

Nígbà tí mo kó ìṣirò mi délé, màámi ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè pé ṣé gbogbo ohun tó ń lo iná ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ti ra wáyà tó nípọn báyìí, wọ́n sì ti fi fíúsì gidi sínú púlọ́ọ̀gì. Páálí kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù tí èmi fọwọ́ ara mi kọ: áyọ́ọ̀nù méjì pẹ̀lú ara wọn, ó yá, áyọ́ọ̀nù pẹ̀lú kẹ́tù, ó tì. Àwọn ará Iléṣà gba ẹ̀bẹ̀, màámi sì re aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà. Èmi ni mo bá wọn pọn omi rẹ̀.

N kò tíì mọ máàkì tí màá gbà nínú ìdánwò tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún bi mí pé kí ló fà á, n kò ní wò sùn-ùn mọ́.

Ìbéèrè ọ̀sẹ̀ yìí: Gílóòbù kan ní wáátì 60 lára, fólítì 240 ló ń lò. Áńpíà mélòó ló ń gbà? Ohm mélòó ni ìdènà rẹ̀ nígbà tó bá ń tàn? Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ fi sínú àpótí tó wà lábẹ́ pátákó yìí kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ fi bí ẹ ṣe ṣe é hàn o, ìdáhùn nìkan kò ní máàkì.

Láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, SS 2, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì.